Ọmọ Mi Ń Ka Ìwé Ara Ògiri Òdìkejì Títì, Kò Rí Èyí Tó Wà Lórí Itan Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, àárẹ̀ ni kò jẹ́. Lónìí, iná ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà náà ò sì sí, ni mo bá gbé fóònù. Mo ní kí n kúkú sọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe fún ọmọ mi. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi o, ó gùn díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, Agbowó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níwájú yunifásítì. A máa ń táìpù, a máa ń ṣe fọ́tókọ́pì, a máa ń di pròjẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ní "a", èmi nìkan ni o! Èmi ni máníjà, èmi ni mò ń táìpù, èmi náà ni mò ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Àárẹ̀ tèmi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sùn tó ń lọ. Èyí tó ń bá èèyàn jí láàárọ̀ ni.

Rọ́fíà ni àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ará Ṣakí ni èmi àti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣàngó níbí la ń gbé. Tí ilé ìwé bá ti jáde, ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ló ń bọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a ó jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Ojú ọmọ yìí mú! Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Nínú kẹ̀kẹ́, yóò ti máa ka pátákó tí èmi ò tíì mọ̀ pé ó wà lọ́nà. Yóò máa ka nọ́ńbà mọ́tò tó wà níwájú pátápátá. Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa mí, mo fẹ́ sọdá lọ sí búkà òdìkejì títì. Rọ́fíà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹran ti tán, ẹja nìkan ló kù. Mo wo òdìkejì títì, mi ò tiẹ̀ rí ìwé kankan. Mo jókòó padà.

Ṣé ẹ rí i pé nǹkan fáàrí ni? Mo sì fi ṣe fáàrí dáadáa. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá di pròjẹ́ẹ̀tì ló mọ̀ pé ọmọ ìyá oníkọ̀ǹpútà ń rí ọ̀ọ́kán. A máa dán an wò, ká ní kó ka èyí tó wà lókè ilé ọ̀hún, yóò kà á, àwa yóò pàtẹ́wọ́.

Tíṣà rẹ̀ náà sọ ọ́. Ó ní ohunkóhun tí àwọn bá kọ sára bọ́ọ̀dù, Rọ́fíà ló ń kọ́kọ́ kà á, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn kíláàsì ló ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ìwé fún un báyìí, ọ̀rọ̀ di nǹkan míì.

Mo mọ ohun tí tíṣà ń sọ, torí ìṣojú mi ló ti ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá ní kó ṣe iṣẹ́ àmúrelé, yóò ṣí ìwé, yóò yán, yóò fọwọ́ pa ojú. Yóò ní òun fẹ́ mu omi. Yóò ti ìwé sọ́hùn-ún, yóò tún fà á padà. Kó tó ka ojú ewé kan, omi ti ń jáde lójú rẹ̀. "Mọ́mì, orí ń fọ́ mi." Lójoojúmọ́! Mo gbé e lọ fún tẹ́ẹ̀sì ibà, wọ́n ní kò sí ibà lára rẹ̀. A ṣáà fún un ní oògùn ibà. Ta ni ò mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí?

Orí fífọ́ ò lọ. Kí ni mo wá pè é? Ọ̀lẹ. Ẹ má bínú sí mi, òótọ́ ni mo pinnu láti sọ. Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo pè é ní ẹlẹ́tàn. Ẹni tó ń rí ìwé ara ògiri òdìkejì títì, báwo ni kò ṣe ní rí èyí tó wà lórí itan ara rẹ̀? Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi rò ó. Ṣé ẹ̀yin ò ní sọ bẹ́ẹ̀?

Ìgbà mìíràn wà tí mo nà án. Mo kọ ọ́ síbí kó lè máa dùn mí.

Ibì kan ṣoṣo tí Rọ́fíà kì í ti í dójú tì mí ni ilé kéú. Láàárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè ni wọ́n ń lọ, lẹ́yìn ilé wa ní Ṣàngó. Áfáà wọn jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan, oníwà pẹ̀lẹ́, tí kì í pariwo mọ́ ọmọ. Kí Áfáà ṣáà ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn ọmọ gbè é, ó ti wọ orí Rọ́fíà nìyẹn. Ohùn rẹ̀ a máa yàtọ̀ láàárín wọn. Tí mo bá ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo máa ń dá ọwọ́ dúró kí n lè gbọ́ ọ.

Nígbà tí Áfáà wá ń kọ orúkọ àwọn tó máa ṣe wòlímọ̀ lọ́dún yìí, Rọ́fíà wà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, wòlímọ̀ ni ọjọ́ tí ọmọ máa jókòó níwájú òbí àti gbogbo àdúgbò, tó máa ka Kùránì kí ayé lè rí i pé ó ti kàwé débì kan. Mo pe Ṣakí lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá ọkọ mi ń yọ̀, èmi náà ń yọ̀. Mo ní ó kéré tán, ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé òyìnbó fẹ́ràn ti Ọlọ́run.

Láàárín ìgbà yẹn, èmi fúnra mi ò rí lẹ́tà kọ̀ǹpútà dáadáa mọ́. Tó bá ti di ọwọ́ ọ̀sán, iwájú orí mi a máa fọ́, lẹ́tà a máa ṣe bàìbàì. Mo kà á sí àárẹ̀, torí kí ni mi ò kì í kà sí àárẹ̀? Lọ́jọ́ tí mo lọ ra bébà ní Dùgbẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tó ń kiri awò ojú nínú páálí. Ó na ìwé ìròyìn sí mi, mo ń dán awò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ kí lẹ́tà tóbi jù ni mo mú.

Ẹ wá gbọ́ o. Ibí yìí ló ń dùn mí jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan di pròjẹ́ẹ̀tì ni mo gbọ́ igbe Rọ́fíà. Mo yíjú. Ó ti gbé awò mi sójú, ó tóbi jù ú lọ, ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú. Ìwé ìkàwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mọ́mì! Wọ́n dúró! Ẹ wò ó, àwọn lẹ́tà yẹn dúró!"

Kí ni mo ṣe? Mo já a gbà lójú rẹ̀! Mo ní ṣé ó fẹ́ fọ́ ojú ara rẹ̀ ni? Ojú tó ń rí ọ̀ọ́kán báyìí, ṣé ó fẹ́ sọ ọ́ di ojú arúgbó ni? Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà bá mi dá sí i, ó ní àǹtí òun kan gbé awò ẹlòmíì wọ̀, láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ò ti dáa mọ́. A jọ bá ọmọ wí dáadáa. Mo fi awò náà sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í pa.

Rọ́fíà fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ojú.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí wòlímọ̀, Áfáà ní kí àwọn òbí wá wo ìdánrawò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí Áfáà tiwa ṣe ń ṣe é. Kì í sọ ibi tí ọmọ máa kà fún un. Yóò ṣí Kùránì síbi tó bá wù ú, yóò fi igi pẹlẹbẹ kékeré kan tọ́ka sí ìlà, yóò ní ó yá, ka ibí. Bí ọmọ ṣe ń kà, igi yóò máa bá a rìn lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀.

Ó kan Rọ́fíà. Áfáà ṣí i, ó tọ́ka. Ọmọ mi tẹrí ba, ó gbé ohùn sókè, kéú ń lọ geere. Ohùn yẹn dùn! Ara mi yá gágá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kí n lè rí àwọn tó ń wo ọmọ mi.

Ìgbà tó yá ni mo rí i pé igi ọwọ́ Áfáà ò kúrò lójú kan. Ọmọ ń kà lọ, igi ò rìn. Áfáà rọra ṣí ewé míì níwájú rẹ̀. Rọ́fíà ò dákẹ́, èyí tó ń kà bọ̀ náà ló ń bá lọ. Áfáà tún ṣí òmíràn. Ọmọ ṣì ń kà á lọ. Àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìbòrí bo ẹnu.

Áfáà pa Kùránì dé. Kò bínú rárá, ì bá sì sàn fún mi kó bínú. Ó ní Ìyá Rọ́fíà, ibi tí òun ṣí kọ́ ni ọmọ yìí kà. Ó ní etí ló fi gba gbogbo ohun tó mọ̀, kò fi ojú kà á. Ẹ̀bùn ni kí ọmọ ní irú etí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kíkà ni wòlímọ̀, òun ò sì lè jókòó níwájú Ọlọ́run kí òun pe èyí ní kíkà. Ó ní òun á dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di ọjọ́ náà. Tó bá lè ka ìlà mẹ́ta péré níbi tí òun bá tọ́ka sí, kò ní yọ orúkọ rẹ̀.

Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a kúrò níbẹ̀. Mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo bi í pé kí ló dé tó fi ń tan gbogbo wa jẹ, títí kan Áfáà. Mo tún bi í, ohùn mi ti ń ga. Ó wá fi ohùn kékeré dáhùn.

"Mọ́mì, mi ò tàn yín. Àwọn àmì kéékèèké tó wà lórí kéú yẹn, wọ́n máa ń wọnú ara wọn ni. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ tí mo fi gíláàsì yín wo ìwé. Ẹ já a gbà lójú mi."

Kò sunkún, kò bú mi, ó kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, mo ń ronú lórí gbogbo ìyà tí mo ti fi jẹ ẹ́. Ojú tì mí níwájú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan lọ́nà Ring Road, obìnrin kan tí kò dàgbà jù mí lọ. Ó bo ojú Rọ́fíà kan, ó ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri lọ́hùn-ún. Ọmọ mi kà á dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá! Ojú ọ̀tún, ojú òsì. Mo ní Dókítà, ṣé ẹ rí i báyìí? Kò sí nǹkan tó ṣe é! Mo ti ń wá báàgì mi nílẹ̀.

Dókítà ní kí n jókòó. Ó gbé káàdì kékeré kan lé Rọ́fíà lọ́wọ́ pé kó kà á. Ọmọ na káàdì jìnnà sí ojú, ó tún nà án sí i, títí apá rẹ̀ fi tán. Ó ka ọ̀rọ̀ méjì, ó fún ojú pọ̀, kò lè kà á mọ́. Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Ó wá kán oògùn sí ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ní kí a lọ dúró níta kó fi ṣiṣẹ́. Oògùn náà ta á lójú, ó sunkún díẹ̀, ó fi orí lé mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi pè wá padà, dúdú ojú rẹ̀ ti tóbi.

Dókítà ní kó tún ka ti ara ògiri.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ọmọ tó ka ìlà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò rí ìlà kẹta mọ́! Mo fò dìde. Mo ní kí lẹ kán sí ojú ọmọ mi? Mo ní ojú rẹ̀ dáa kí n tó gbé e wá síbí o! Àwọn tó wà níta yọjú wò wá.

Dókítà fara balẹ̀, ó jọ pé ó ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó ní oògùn náà ò ba nǹkan kan jẹ́, tó bá di ọ̀la, ojú á padà sí bó ṣe wà. Ó ní ẹran kékeré kan wà nínú ojú tó ń bá wa ṣiṣẹ́ kí a lè rí nǹkan kedere, pàápàá èyí tó wà nítòsí. Oògùn yẹn kàn dá ẹran náà lọ́wọ́ kọ́ ni, kó sinmi. Ó ní ohun tí mò ń wò báyìí ni bí ojú Rọ́fíà ṣe rí gan-an, tí kò bá ṣe làálàá.

Ó mú ìwé, ó ya ẹyinjú fún mi. Ó ní ìmọ́lẹ̀ máa ń gba iwájú ojú wọlé, ó yẹ kó pàdé pọ̀ ní ẹ̀yìn ojú gẹ́ẹ́, níbẹ̀ ni àwòrán ti ń hàn. Ṣùgbọ́n ẹyinjú Rọ́fíà kúrú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ ò tíì pàdé tí ẹ̀yìn ojú ti dé. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàìbàì ló máa rí. Ṣùgbọ́n ojú ọmọdé lágbára, ẹran yẹn á máa fún ara rẹ̀, á máa fi tipátipá fa àwòrán bọ́ sípò. Fún ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó lè rí i fà. Fún ìwé tó wà nítòsí, iṣẹ́ náà pọ̀ jù, ẹran á fà á, á tú u sílẹ̀, á tún fà á. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà ò fi dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́, tí omi fi ń jáde lójú.

Mo bi í pé ṣé láàárọ̀ ni ojú ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àbí lọ́sàn-án. Ó ní láti ìgbà tó bá ti lajú títí tó fi máa dijú ni. Ó ní kí n wo ẹni tó ru korobá omi sórí láti òwúrọ̀, tí ìyá rẹ̀ tún wá ń pariwo pé kó sáré.

"Mà, ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ," Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

Ó ti rẹ̀ ẹ́! Ẹ gbọ́, èmi ni mò ń pariwo àárẹ̀ nílé wa. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ó ń rẹ Ìyá Rọ́fíà. Bàbá rẹ̀ mọ̀, oníbàárà mọ̀, Rọ́fíà gan-an mọ̀, ó máa ń bu omi fún mi láìjẹ́ pé mo rán an. Ta ló wá béèrè bóyá ó ń rẹ òun náà? Mo sunkún níwájú dókítà yẹn, mi ò lè pa á mọ́ra.

Ó fún mi ní tíṣù, ó bi mí pé ṣé orí kì í fọ́ èmi náà tí mo bá ń táìpù. Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó ní ó máa ń wà nínú ẹbí nígbà mìíràn, kí n gun àga kí òun yẹ tèmi náà wò. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, irú ẹ̀ kan náà ni! Ó ní ó ṣeé ṣe kó ti wà lójú mi láti kékeré, agbára èwe ni mo fi ń fà á, agbára ọ̀hún ló wá ń dín kù báyìí.

Mo rántí nǹkan lórí àga yẹn. Ní Ṣakí, nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, orí a máa fọ́ mi tí mo bá ti ṣí ìwé. Bàbá mi ní ìwé ò sí lórí mi, kí wọ́n jẹ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo lọ kọ́ táìpù. Mo ti táìpù pròjẹ́ẹ̀tì àìmọye èèyàn tó ti gboyè lọ, èmi fúnra mi ò ka ìwé kan parí rí. Mi ò sọ pé ojú ni gbogbo rẹ̀ o, dókítà náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ṣáà ń rò ó.

Awò ló kọ fún àwa méjèèjì. Ó ní lẹ́ǹsì ti Rọ́fíà máa wú láàárín, etí rẹ̀ á fẹ́lẹ́, òun lá máa bá ojú kó ìmọ́lẹ̀ jọ kó lè pàdé níbi tó yẹ. Ẹran inú ojú á wá sinmi. Mo béèrè nípa awò Dùgbẹ̀. Ó ní wíwọ̀ tí Rọ́fíà gbé e wọ̀ lọ́jọ́ yẹn ò lè fọ́ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó máa lò. Ojú òsì rẹ̀ burú ju ọ̀tún lọ, awò inú páálí sì rèé, bákan náà ni lẹ́ǹsì rẹ̀ méjèèjì. Ti ọmọdé, àfi kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó ní awò ò wo ojú sàn o, iṣẹ́ ló ń gbà lọ́wọ́ ojú. Bó bá ṣe ń dàgbà, ẹyinjú lè gùn sí i, kí n máa gbé e wá lọ́dọọdún kí wọ́n máa yí awò padà.

Ìyá ọkọ mi gbọ́, ó pè láti Ṣakí. Ó ní awò kẹ̀? Fún ọmọbìnrin? Ta ló máa wo ojú rẹ̀ lọ́la? Ó ní kí n máa fi omi tútù ṣan án láàárọ̀. Mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ, ọkọ mi gba fóònù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó kàn ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí òun náà kọ́kọ́ rí ojú àwọn tó máa wò ó ná."

Ọjọ́ tí awò dé, ṣọ́ọ̀bù la wà. Rọ́fíà gbé e wọ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó wá sún mọ́ mi, ó ń wo ojú mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ní àmì dúdú kékeré kan lábẹ́ imú." Àmì tí wọ́n bí mi mọ́! Mo rẹ́rìn-ín, mo tún ń sunkún. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pè é ní olójú mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sú wọn, wọ́n fi í sílẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ kejì? Rárá o. Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ Áfáà, ó ṣí Kùránì, ó tọ́ka. Ohùn dídùn yẹn ti lọ! Ọmọ ń há, ó ń dúró, ó ń fọwọ́ tẹ àmì kọ̀ọ̀kan bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan àti ààbọ̀ ló kà, òógùn ti bò ó. Mo bẹ Áfáà, mo gbé ìwé dókítà fún un. Áfáà wò ó pẹ́. Ó ní òun náà jẹ̀bi, ó yẹ kí òun ti mú igi òun tẹ̀lé e láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní òun máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Rọ́fíà ló kọ̀. "Áfáà, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fi ojú kà á." Èmi ìyá rẹ̀, inú mi ò dùn. Mo ti sọ fún gbogbo ará Ṣakí! Ṣùgbọ́n mo ti já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, orí ẹní ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, láàárín àwa òbí. Kùránì wà lórí itan rẹ̀, awò wà lójú rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀lé gbogbo ẹni tó ń kà. Ọmọbìnrin kan ń kà á lọ geere, gbogbo wa ń mi orí. Rọ́fíà fa aṣọ mi.

"Mọ́mì, ó fo ìlà kan."

Mo ní kó panu mọ́. Mo gbójú sókè, mo rí i pé igi ọwọ́ Áfáà ti dúró. Áfáà ń wo àárín wa, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìka Rọ́fíà níbi tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ lórí ìwé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra dá ọmọ ọ̀hún padà sí ìlà tó fò.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Tí ọmọ yín bá ń rí ọ̀ọ́kán, ẹ má tìtorí ẹ̀ búra fún ojú rẹ̀. Tó bá ń sá fún ìwé, tó ń fọwọ́ pa ojú, tí orí ń fọ́ ọ, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò kí ẹ tó mú pàṣán. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ tiyín náà wò. Ó ṣì ń rẹ̀ mí o, èmi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n orí mi ò fọ́ mọ́ lọ́wọ́ ọ̀sán. Tí Rọ́fíà bá ní nǹkan kan ń dun òun báyìí, mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí oníbàárà dúró ná.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ọmọ yín ti sọ fún yín rí, tí ẹ ò gbọ́, bí mo ṣe já awò gbà lójú tèmi? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Awò mi wà lójú mi, mo máa kà á tán.